Ta Ló Ń Kà Á? Ìtàn Ìdá Iṣẹ́ Tí Ìjọba Yà Sọ́tọ̀ fún Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá

Ní kíláàsì wa, ẹnì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jù wá lọ lọ́jọ́ orí, wọn kò sì ríran. Inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n máa ń gba ohùn olùkọ́ sí, bíréélì ni wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Bí a bá ń jiyàn lórí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, àwọn ni a máa ń sáré tọ̀ lọ, nítorí etí wọn mú ju tiwa lọ. Ọdún yìí ni gbogbo wa ó jọ ṣe àṣekágbá.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, a jókòó sábẹ́ igi níwájú ẹ̀ka wa, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló délẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiyín kò le. Ìjọba ti ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún yín. Àwa ni kò sẹ́ni tó ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni wọ́n béèrè pé, "Ta ló ń kà á?"

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa. Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé ilé ìkàwé, òun ló sì bí àròkọ yìí. Ohun tí a bá níbẹ̀ yà wá lẹ́nu. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìjọba ti ń kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé: 5% ní 1919, 3% ní 1944, 10% ní 1993, 1% ní 2011, àti 5% tí a ń pariwo rẹ̀ lónìí. Nọ́ńbà kò wọ́n rí. Ẹni tí yóò jókòó kà á ló wọ́n.

Kí iṣẹ́ oṣù tó dé

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ yẹ kó ní àyè láwùjọ. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé The History of the Yorubas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé àwọn Yorùbá gbà pé Ọbàtálá ló ń mọ ọmọ nínú oyún, àti pé ẹni ọ̀wọ̀ ni àfín, aràrá, abuké àti arọ jẹ́ fún òrìṣà náà. Ẹni òrìṣà ni à ń pè wọ́n. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, àbùkù ara ẹlẹ́dàá wọn ló fi ń ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ìtàn tan ara wa jẹ. Èdè wa kan náà tó ní "ẹni òrìṣà" ló kún fún òwe tó ń fi afọ́jú àti arọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú iṣẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí àkàndá ẹ̀dá ṣe ń jẹun láyé àtijọ́, inú agboolé ni kí a wò. Oko àti ọjà ni iṣẹ́ ìgbà náà, ẹbí ló sì ń pín iṣẹ́ fún ara wọn. Afọ́jú lè pa ẹ̀gúsí, ó lè ṣẹ́ ìlá, ó lè gbọ́n okùn. Arọ lè hun ẹní, ó lè gbẹ́gi, ó lè pàtẹ ọjà sẹ́nu ọ̀nà ilé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí, kò sì sí àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta láàárín ẹni àti iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ oṣù ló yí i padà. Nígbà tí rélùwéè dé, tí ọ́fíìsì dé, tí ilé-iṣẹ́ ńlá dé, iṣẹ́ kúrò nínú agboolé. Ó di ohun tí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ ń fún ọ, ní ibi tí o gbọ́dọ̀ rìn dé, ní aago tí o gbọ́dọ̀ bá, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí o gbọ́dọ̀ kà. Irú ara kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà tí wọ́n sì ń ṣètò iṣẹ́ náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ibùdókọ̀ ló kù fún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ òfin ti wọlé nìyẹn.

Ogun ló kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà sílẹ̀

Kì í ṣe àánú ló kọ́kọ́ sún ìjọba ṣe òfin iṣẹ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ìtìjú ni, ìtìjú ogun. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun padà sí ilẹ̀ Yúróòpù láìní ẹsẹ̀, láìní apá, láìní ojú. Ìlú tó rán wọn lọ kò lè máa wò wọ́n níran bí wọ́n ṣe ń tọrọ owó lójú pópó.

Ní 1919, Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀ ní orúkọ ọba wọn. Agbanisíṣẹ́ tó bá gbà pé 5% àwọn òṣìṣẹ́ òun yóò jẹ́ ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé náà, ìjọba yóò sì máa fojúure wò ó nígbà tó bá ń pín kọńtíráàtì. Kò sí túláàsì níbẹ̀. Jámánì ní tiwọn kò fi í ṣe ẹ̀bẹ̀: òfin 1920 sọ ọ́ di dandan fún àwọn agbanisíṣẹ́ wọn.

Ogún ọdún kò ì tíì pé lẹ́yìn náà tí ogun mìíràn fi dé, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà. Lọ́tẹ̀ yìí, ogun náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Wọ́n kó wọn lọ sí Burma láti lọ bá àwọn ará Japan jà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọ̀tá ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti ọmọ ogun kan láti Sierra Leone, David Kargbo, ni wọ́n jọ sá pamọ́ sínú igbó, tí àwọn Mùsùlùmí ará abúlé kan ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi wọ́n pa mọ́ fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Ó padà délé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú ní 2012. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tó pè ní A Stroke of Unbelievable Luck.

Ọdún 1944 yẹn kan náà ni ilé aṣòfin London ṣe Òfin Ìgbanisíṣẹ́ fún Àwọn Aláàbọ̀ Ara. Òfin náà pàṣẹ pé agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àwọn aláàbọ̀ ara tó forúkọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan. 3% ni wọ́n fi ìwọ̀n náà sí. Ogun kan náà ni. Ọba kan náà ni wọ́n jà fún. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Nàìjíríà. Bàbá Fadoyebo ṣe iṣẹ́ ìjọba nígbà tó darí dé, ṣùgbọ́n òfin 1944 kọ́ ló fi í síbẹ̀. Ó mọ̀wé, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn tí wọ́n jọ lọ, tí wọ́n jọ fara gbọgbẹ́, tí wọn kò mọ a yàtọ̀ sí b ńkọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdá mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí òfin 1944 yìí, nítorí òun ni àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ òfin tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe inú rẹ̀ ni àwa náà sì ń tún ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Agbanisíṣẹ́ tí kò bá tíì dé 3% lè kọ̀wé pé òun kò rí aláàbọ̀ ara tó yẹ, kí wọ́n fún òun láyè láti gba ẹlòmíràn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, wọ́n ń fúnni ní ìwé àyè yìí bí ẹni ń pín àkàrà. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí òfin náà fi wà, àwọn agbanisíṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ kò ju mẹ́wàá lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, òfin náà kò de ìjọba fúnra rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọba kàn ṣèlérí pé àwọn yóò máa tẹ̀ lé e ni. Yorùbá sì ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ohun kẹrin ló dùn wá jù. Láti 1946, iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ pátápátá fún àwọn aláàbọ̀ ara: wíwa lífíìtì nínú ilé alájà, àti ṣíṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé, ìjókòó inú àpótí tó ń gòkè tó ń sọ̀ àti ìdúró sẹ́nu géètì ni wọ́n rí pé ó tọ́ sí ẹni tí ogun gé lẹ́sẹ̀. Èyí fi hàn pé nọ́ńbà lè pé kí iyì má sí níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní àkàndá ẹ̀dá 5%, tí gbogbo wọn sì jẹ́ aṣọ́géètì, ṣé a lè sọ pé ó ti pa òfin mọ́?

A kò ní ṣàìsọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa. Ìjọba wọn dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó di Remploy, àwọn aláàbọ̀ ara ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìlú Bridgend ní Wales ni ilé ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti ṣí ní 1946. Ní 2013 ni wọ́n ti èyí tó gbẹ̀yìn pa. Àwọn kan bínú pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn ní kò yẹ kí wọ́n kó àwọn aláàbọ̀ ara jọ sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1994, wọ́n dá ètò mìíràn sílẹ̀, Access to Work. Nípasẹ̀ rẹ̀, ìjọba ń san owó ohun èlò, ti ọkọ̀ tàbí ti olùrànlọ́wọ́ tí òṣìṣẹ́ nílò kó tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Òfin tuntun yìí ló gbé ìdá mẹ́ta náà sin ní 1996. Kò sẹ́ni tó sunkún rẹ̀ púpọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti kú.

Ṣé ìdá ni kò dára ni? Jámánì dá wa lóhùn. Títí di òní, agbanisíṣẹ́ tó bá ní ipò iṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní aláàbọ̀ ara tó tó 5%. Ó gbọ́dọ̀ kọ iye tó ní ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún. Bí kò bá pé, yóò sanwó lórí ipò kọ̀ọ̀kan tó ṣófo, owó náà yóò sì lọ sínú àpò tí wọ́n fi ń ṣèrànwọ́ fún iṣẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n yàn láti máa sanwó dípò kí wọ́n gbani síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi wọ́n léèrè pé "ta ló ń kà á?" yóò rí èsì gbà.

Ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọ́fíìsì kò ṣí

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní Nàìjíríà, ẹ̀kọ́ ló ṣáájú òfin iṣẹ́. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ní 1962, ìjọ Àgùdà dá ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, Èkó. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ àkàndá ẹ̀dá ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún. Wọ́n kàwé jáde tán, wọ́n kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, wọ́n sì bá a ní títì.

Òfin àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wọn fún gbogbo orílẹ̀-èdè wá ní 1993. Ìjọba ológun Ibrahim Babangida ló gbé e jáde, ní ọdún tó gbé ìjọba sílẹ̀ gan-an. Ẹ gbọ́ nọ́ńbà inú rẹ̀: gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ya 10% ipò iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara! Nínú gbogbo ìdá tí a ti ka orúkọ wọn, kò sí èyí tó tóbi tó o. Ẹ rántí ohun tó ń lọ nílùú lọ́dún náà. Wọ́n ti fagi lé ìbò June 12, ìlú gbóná, ìjọba Shonekan dé, ti Abacha tún lé e kúrò. Ta ló fẹ́ ráyè ka aláàbọ̀ ara? Inú ìwé ni òfin náà wà, inú ìwé náà ló kú sí.

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, àwọn ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá tún gbá ṣòkòtò mú. Wọ́n ń gbé àbá òfin lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ léraléra, ààrẹ kan lọ, òmíràn dé, kò sẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Ní 2007, Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2010. Àdéhùn yẹn ní ìpín kan lórí iṣẹ́. Síbẹ̀, òfin abẹ́lé kò tíì sí.

Èkó ni kò dúró. Ní 2011, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin àkàndá ẹ̀dá ti ìpínlẹ̀ náà. Òfin yẹn ló dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ wọn, òun ló sì ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ya ó kéré tán 1% sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ní ọ́fíìsì tí ènìyàn lè wọ̀, kó sì bi wọ́n léèrè. Èyí tí òfin 1993 kò ní nìyẹn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá buwọ́ lu òfin tí gbogbo wọn ti ń retí, èyí tí wọ́n kọ 2018 sí lára. Òfin náà ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, ó sì fúnni ní ọdún márùn-ún láti tún àwọn ilé ìlú ṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọ̀ wọ́n. Ó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí wọ́n yan olórí rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2020. Inú rẹ̀ náà ni ìdá márùn-ún tí a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ lábẹ́ igi wà.

Gbólóhùn kan ṣoṣo

Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni wá. Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa wo gbólóhùn ní ẹyọ ẹyọ. Nítorí náà, a wo gbólóhùn tí ìdá náà wà nínú rẹ̀, ní ìpín kọkàndínlọ́gbọ̀n òfin náà. Bí a bá ní kí a sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, yóò lọ báyìí: gbogbo agbanisíṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, àwọn aláàbọ̀ ara kò dín ní 5% nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àárín yẹn: bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Bí ìyá rẹ bá sọ pé "o gbọ́dọ̀ wá sílé lọ́dún", o mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí wọ́n bá ní "o gbọ́dọ̀ wá sílé lọ́dún, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó", ìwọ náà mọ̀ pé àyè wà fún ọ láti jókòó sí Èkó. "Gbọ́dọ̀" ti ilẹ̀kùn, "bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó" ṣí fèrèsé. Ilé-iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìdá náà sì dè. Gẹ̀ẹ́sì ní 1944 de àwọn aládàáni, wọ́n yọ ìjọba sílẹ̀. Àwa de ìjọba, a yọ àwọn aládàáni sílẹ̀.

Ẹ tún wo ohun mìíràn nínú òfin kan náà. Ẹni tó bá ń lo aláàbọ̀ ara láti fi tọrọ bárà, tàbí tó ń mú wọn káàkiri ìgboro nítorí owó àánú, yóò san 100,000 náírà tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Iye owó wà níbẹ̀, iye oṣù wà níbẹ̀, kò sí "bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó" kankan. Ẹni tó bá fi àìlera du aláàbọ̀ ara níṣẹ́ náà ní owó tí yóò san fún un. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ìdá márùn-ún, a kò rí náírà kan, a kò rí oṣù kan. Òfin náà ti ẹnu ọ̀nà bárà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó wá fi ẹ̀bẹ̀ ṣí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, pé bí wọ́n bá ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, yóò ti múra kí ogun tó dé. Ọdún márùn-ún tí òfin fúnni láti tún ilé ṣe pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Kì í ṣe arọ ni wọ́n kìlọ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ pípé tó ni ilé ni wọ́n kìlọ̀ fún, àtẹ̀gùn wọn ṣì wà níbi tó wà.

Ẹni tí òfin wà fún

Bí a bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan yóò dáhùn pé, "Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Oníṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn ni wọ́n kí jàǹbá ọkọ̀ tó bá wọn ní 1997. Lónìí, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà tí wọ́n fi ní ilé-iṣẹ́ rédíò tiwọn, àwọn tó ń fẹsẹ̀ méjèèjì rìn ló sì ń gbowó oṣù lọ́wọ́ wọn. A ń fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n òfin kò wà nítorí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ohùn tó ń mú àgbájọ ènìyàn jó. Ó wà nítorí ẹni tó fẹ́ jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, òǹtúmọ̀ ní ilé ẹjọ́: ènìyàn bíi tiwa, tí kì í ṣe gbajúmọ̀, tó kàn fẹ́ gbowó oṣù kó sì sanwó ilé.

Ó wà nítorí Ẹ̀gbọ́n. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún wọn kà á dáadáa títí dé ìsàlẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà tilẹ̀ ní àyè tí wọ́n ti lè sọ pé àwọn ní ìpèníjà ara. Ṣùgbọ́n lábẹ́ pátápátá, wọ́n fi àwòrán àwọn lẹ́tà wíwọ́ kan síbẹ̀, wọ́n ní kí ènìyàn dà wọ́n kọ kó lè fi hàn pé ènìyàn ni òun. Ẹ̀rọ kò lè ka àwòrán. Ẹ̀gbọ́n gbìyànjú títí. Níkẹyìn, wọ́n gbé fóònù fún ọ̀kan nínú wa, wọ́n ní, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ènìyàn ni mí." A bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ìjọba kan kò pàṣẹ pé kí afọ́jú má wọlé síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sì lérò ibi sí wọn. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà kàn ṣe é bí ó ti ṣeé ṣe tó lójú tirẹ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi wá pé kí ni ìtàn yìí kọ́ wa, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan máa gbé e jáde lọ́dọọdún: òṣìṣẹ́ mélòó ni wọ́n ní, mélòó ni aláàbọ̀ ara nínú wọn, ìpele owó oṣù wo ni wọ́n sì wà. A fẹ́ mọ ìpele náà, kí ìtàn lífíìtì àti géètì má baà tún ara rẹ̀ ṣe. Kí owó kan wà tí wọ́n lè fi ra ẹ̀rọ tó ń kàwé, tí wọ́n lè fi sanwó òǹtúmọ̀ èdè àmì, kó má baà di pé agbanisíṣẹ́ ń wo àkàndá ẹ̀dá bí ìnáwó. Kí wọ́n sì yọ "bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó" kúrò, tàbí kí ẹni tó bá sọ pé kò ṣeé ṣe kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí aráyé kà á.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ohun tí a lè ṣe. Ìbéèrè kò ní kí a san kọ́bọ̀. Bí o bá wọ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan lọ sin ìlú, lọ kọ́ṣẹ́, tàbí lọ gba ìwé, béèrè lọ́wọ́ wọn pé aláàbọ̀ ara mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí o sì fi ránṣẹ́ sí wa.

A ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. Ẹ̀gbọ́n ló ń fi bíréélì tọ́jú iye rẹ̀.